ÀTÚNJÚWE TÀBÍ ÌṢINILỌ́NÀ? Bí A Ṣe Lè Dènà Ojú Ewé Ayélujára Tí Ń Gbé Ni Lọ Síbi Tí A Kò Dágbére

ÌFÁÁRÀ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ohun tí òwe yìí fi lọ́kàn balẹ̀ lé ni pé ẹni tí a bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í purọ́. Lórí ayélujára lónìí, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ènìyàn á tẹ àdírẹ́sì ibi tó ń lọ bó ti yẹ, ojú ewé tó fẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Kí ó tó ka ìlà kejì, ojú ewé mìíràn á ti gba ipò rẹ̀, á máa sọ fún un pé ó ti jẹ ẹ̀bùn fóònù tuntun, tàbí pé kòkòrò ti wọ inú fóònù rẹ̀. Ta ni ó ní kí ó wá síbẹ̀? Ta ni ó gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀?

Ohun tí mo fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí kò ju mẹ́ta lọ. Èkíní, n ó ṣàlàyé bí irú ìgbénilọ bẹ́ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Èkejì, n ó tọ́ka sí àwọn ibi tí a ti lè dènà rẹ̀ nínú bráwúsà, èyíinì ni áàpù tí a fi ń ṣí ojú ewé ayélujára, bíi Chrome, Firefox, Safari àti Opera Mini. Ẹ̀kẹta, n ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kan àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ èdè Yorùbá ju bí a ti rò lọ. Agbègbè Kòsọ́fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ni n ó ti mú àwọn àpẹẹrẹ mi, pàápàá Kétu, Ìkòsí àti ọjà Mile 12.

OHUN TÍ ÀTÚNJÚWE JẸ́

Àwọn tí ń kọ Wikipedia lédè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń lò nígbà tí ojú ewé kan bá gbé ni lọ sí òmíràn. "Àtúnjúwe" ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ náà bá a mu. Bí a bá tú u palẹ̀, a ó rí àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ "à-", a ó sì rí "tún" àti "júwe". Ẹni tó júwe ọ̀nà fún ni, oore ló ṣe. Ẹni tó tún ọ̀nà júwe, ó ti rí i pé ohun tí a ń wá ti kúrò níbi tí a mọ̀ ọ́n sí ni.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1989 ni Tim Berners-Lee, tó ń ṣiṣẹ́ ní CERN nítòsí ìlú Geneva nígbà náà, mú àbá ohun tó di ìtàkùn ayélujára wá. Nígbà tí wọ́n kọ ìlànà tí wọ́n ń pè ní HTTP/1.0 sílẹ̀ ní 1996, wọ́n fi nọ́ńbà méjì kan sínú rẹ̀ tí kọ̀ǹpútà lè fi dá ẹni tó bèèrè ojú ewé lóhùn. 301 túmọ̀ sí pé ojú ewé náà ti kó lọ pátápátá. 302 túmọ̀ sí pé ó kó lọ fún ìgbà díẹ̀. Àdírẹ́sì tuntun a máa tẹ̀lé nọ́ńbà náà, bráwúsà á sì gba ibẹ̀ lọ láìjẹ́ pé a tún tẹ ohunkóhun. Ó dà bí ìgbà tí oníbàárà dé ìsọ̀ tó ti máa ń ra tòmátì ní Mile 12, tó bá a ní títì, tí aládùúgbò wá wí fún un pé, "Ẹ yà sápá òsì, ibẹ̀ ni wọ́n kó lọ." Kò sí ẹni tí yóò bínú sí irú aládùúgbò bẹ́ẹ̀.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá ń jẹ àǹfààní irú èyí. Nígbà tí a bá ń san owó ilé-ẹ̀kọ́, ìkànnì ilé-ẹ̀kọ́ á gbé wa lọ sí ìkànnì tí a ti ń sanwó, ìyẹn á sì dá wa padà nígbà tí a bá san án tán. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí a pa gbogbo àtúnjúwe rẹ́, ọjà ni ó fẹ́ tú. Èyí tí a kò bèèrè fún, tí kò sì ṣe wá lóore, ni ọ̀tá wa. Ìyẹn kì í ṣe àtúnjúwe mọ́. Ìṣinilọ́nà ni mo ń pè é.

BÍ ÌJÚWE ṢE DI ÌṢINILỌ́NÀ

Ní 1995 ni Brendan Eich ṣẹ̀dá JavaScript ní ilé-iṣẹ́ Netscape. Èdè kọ̀ǹpútà ni, òun ló sì fún ojú ewé lágbára láti máa dá iṣẹ́ ṣe nínú bráwúsà. Ṣùgbọ́n ojú ewé tó lè dá iṣẹ́ ṣe lè yí àdírẹ́sì padà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú. Ibí yìí ni ìlò burúkú ti wọlé.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà kan kò wọ fóònù. Mẹ́rin ni mo rí tó wọ́pọ̀ jù.

Ọ̀nà kìíní ni ìpolówó ọjà. Ẹni tó ni ìkànnì a máa ya àyè sọ́tọ̀ fún ìpolówó. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kò mọ ìpolówó tí yóò bọ́ síbẹ̀, nítorí alágbàtà ló ń bá a ta àyè náà, alágbàtà mìíràn sì lè wà lẹ́yìn alágbàtà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá gba ìpolówó oníjìbìtì wọlé, ìpolówó náà lè gbé gbogbo ojú ewé lọ. Ó dà bí ìgbà tí oníṣọ́ọ̀bù fi iwájú ìsọ̀ rẹ̀ háyà fún ẹnì kan, tí ẹni náà wá ń di àwọn oníbàárà lọ́wọ́ mú, tó ń wọ́ wọn lọ sí ibòmíràn.

Ọ̀nà kejì fi ara pa mọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. A tẹ líǹkì kan, ohun tí a ń wá sì ṣí ní ojú ewé tuntun. A rò pé ó parí. Ṣùgbọ́n ojú ewé àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ti yí padà di ìpolówó, ó ń dúró dè wá pé kí a padà wá bá òun.

Ọ̀nà kẹta ni ìyọ̀ǹda. Ojú ewé kan á ní kí a tẹ "Allow" kí a lè fi hàn pé ènìyàn ni wá, pé a kì í ṣe rọ́bọ́ọ̀tì. Irọ́ ni. Ohun tí a fọwọ́ sí ni pé kí ìkànnì náà máa fi ìfitónilétí ránṣẹ́ sí wa tọ̀sán tòru, bí a bá sì ti tẹ ọ̀kan nínú wọn, ó di ibi tó bá wù ú. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. A ti lanu fún un nìyẹn.

Ọ̀nà kẹrin wà nínú ilé. Áàpù tí a gbà láti ibi tí kò dára, tàbí ohun àfikún tí a so mọ́ bráwúsà lórí kọ̀ǹpútà, lè máa ṣí ojú ewé fúnra rẹ̀ tàbí kí ó yí ibi tí a ti ń wá ọ̀rọ̀ padà. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Kí ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀? Owó ni. Owó ń wọlé fún àwọn kan lórí iye ojú ewé tó bá ṣí. Àwọn mìíràn ń wá nọ́ńbà fóònù, nọ́ńbà BVN àti ọ̀rọ̀ aṣínà báńkì. Àwọn mìíràn ń fi ènìyàn sí iṣẹ́ olówó tí yóò máa jẹ káàdì lórí fóònù rẹ̀. Bí a kò bá tilẹ̀ pàdánù èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, dátà wa á jó. Láti oṣù kìíní 2025 tí àjọ NCC ti gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fi owó lé iye tí wọ́n ń gbà, tó lè tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, dátà tí ń jó lásán kì í ṣe ohun tí a lè fojú fò mọ́.

ÀWỌN IBI TÍ A TI LÈ DÈNÀ RẸ̀

N ó fi àwọn orúkọ tí a kọ sójú fóònù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, kí ẹni tó ń wá wọn lè rí wọn. Chrome ni n ó fi bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló wà lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android tí a ń lò.

1. Kí a ti ilẹ̀kùn. Lórí fóònù, kí a tẹ àmì tótó mẹ́ta tó wà lókè lápá ọ̀tún, kí a yan "Settings", lẹ́yìn náà "Site settings", lẹ́yìn náà "Pop-ups and redirects". Kí bọ́tìnì ibẹ̀ wà ní pípa. Pípa níhìn-ín ni pé ilẹ̀kùn wà ní títì. Lórí kọ̀ǹpútà, a ó kọ́kọ́ gba "Privacy and security" kọjá kí a tó dé "Site settings". Chrome fúnra rẹ̀ a máa ti ilẹ̀kùn yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí a ń lọ wò ni bóyá ẹnì kan ti ṣí i.

2. Kí a wo àwọn tó ní kọ́kọ́rọ́. Ní ibì kan náà ni a ó ti rí orúkọ àwọn ìkànnì tí a ti yọ̀ǹda fún. Èyí tí a kò bá mọ̀, kí a yọ ọ́ kúrò.

3. Kí a pa ìfitónilétí. Nínú "Site settings" yìí kan náà, kí a ṣí "Notifications", kí a sì yọ gbogbo ìkànnì tí a kò ní ohunkóhun bá pọ̀. Nínú ohun tí mo ti rí lórí fóònù àwọn ará ilé àti aládùúgbò, ìgbésẹ̀ yìí ló ń tètè mú ìtura wá jù.

4. Kí a fi ẹ̀ṣọ́ síbẹ̀. Lábẹ́ "Privacy and security", kí a rí i pé "Safe Browsing" kò sí ní pípa. Òun ló ń kìlọ̀ fún ni kí a tó dé ojú ewé tí wọ́n ti mọ̀ sí ti oníjìbìtì.

5. Kí a yẹ inú ilé wò. Bí ìpolówó bá ń ṣí nígbà tí a kò tilẹ̀ lo bráwúsà, áàpù ni kí a fura sí. Kí a yọ èyí tí a gbà láìpẹ́ kúrò, kí a sì fi "Play Protect", tó wà nínú Play Store, yẹ ìyókù wò. Lórí kọ̀ǹpútà, kí a wo "Extensions". Bí gbogbo rẹ̀ bá sú wa, "Reset settings" á dá Chrome lórí kọ̀ǹpútà padà sí bó ti wà ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ aṣínà tí a fi pamọ́ síbẹ̀ kò sì ní sọnù.

Ẹni tó ń lo Firefox lórí kọ̀ǹpútà yóò rí ti rẹ̀ lábẹ́ "Privacy & Security", níbi tí a kọ ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Block pop-up" sí. Ẹni tó ní iPhone yóò wá Safari nínú "Settings", yóò sì tan "Block Pop-ups" àti "Fraudulent Website Warning". Opera Mini ní ohun tí ń dènà ìpolówó nínú "Settings" tirẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá 2017, Google kéde pé nínú ẹ̀sùn márùn-ún tí àwọn tí ń lo Chrome lórí kọ̀ǹpútà ń fi ránṣẹ́, ọ̀kan jẹ mọ́ ohun tí wọn kò fẹ́. Nítorí náà, láti ẹ̀dà 64 tó jáde ní oṣù kìíní 2018, bí ìpolówó tí kì í ṣe ti onílé bá fẹ́ gbé ojú ewé lọ nígbà tí a kò fọwọ́ kàn án, Chrome á dá a dúró, á sì sọ fún wa pé òun ti dá a dúró. Kí a fi ọkàn sí gbólóhùn yẹn: nígbà tí a kò fọwọ́ kàn án. Orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dúró lé.

IBI TÍ AGBÁRA BRÁWÚSÀ PIN SÍ

Bráwúsà kò mọ ohun tó wà lọ́kàn wa. Ohun tí ọwọ́ wa ṣe ni ó mọ̀. Ohun tí ojú ewé dá ṣe, ó lè kà á sí ìwà àfojúdi. Ohun tí a fi ìka tẹ̀, ó kà á sí pé a fẹ́ ẹ. Bákan náà, kì í dí 301 àti 302 tí ìkànnì fúnra rẹ̀ bá fi dáhùn, nítorí kò lè mọ èyí tó jẹ́ ti olóòótọ́ nínú wọn. Nítorí náà, kò sí bọ́tìnì tí yóò gba ojú wa lọ́wọ́ wa. Kí ènìyàn tó tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà, dandan ni kí ó ka àdírẹ́sì òkè.

Ọ̀nà tí a ń gbà dé ojú ewé pẹ̀lú wà lẹ́yìn òde bráwúsà. Ní oṣù kọkànlá 2011, àwọn ọlọ́pàá FBI ti Amẹ́ríkà kéde pé wọ́n ti mú ará Estonia mẹ́fà lórí kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní DNSChanger. DNS ni ìwé orúkọ ayélujára, òun ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà ibi tí orúkọ ìkànnì kọ̀ọ̀kan ń gbé. Àwọn wọ̀nyí fi ìwé orúkọ tiwọn rọ́pò ti òtítọ́ lórí kọ̀ǹpútà bíi mílíọ̀nù mẹ́rin, ní orílẹ̀-èdè tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó tẹ orúkọ tó tọ̀nà ń bá ara rẹ̀ níbi tí kò tọ̀nà.

Irú rẹ̀ mìíràn ti ìlú wa níhìn-ín jáde, ṣùgbọ́n àṣìṣe ni, kì í ṣe jìbìtì. Ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá 2018, ilé-iṣẹ́ MainOne tó wà ní Èkó ń tún ẹ̀rọ rẹ̀ tò. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé ètò kan ṣì. Ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn ènìyàn ń fi ránṣẹ́ sí Google sì gba orílẹ̀-èdè Ṣáínà àti Rọ́ṣíà, ó tó ìṣẹ́jú 74 kí wọ́n tó tún un ṣe. Ó dà bí ẹni tó wọ danfo ní Ọjọ́ta, tó ń lọ sí Kétu tí kò jìnnà, tí awakọ̀ wá gbé e gba Ìbàdàn. Kò sí ohun tí a lè tẹ̀ lórí fóònù tí yóò dènà irú èyí. Iṣẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n èyí tí a ń bá pàdé lójoojúmọ́ kì í ṣe irú rẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni èyí tí a fi ìka ara wa ṣílẹ̀kùn fún.

ÌYỌ̀ǸDA TÍ A FI ÈDÈ TÍ A KÒ GBỌ́ GBÀ

Àbúrò ìyá mi kan ń ta rodo àti tàtàṣé ní Mile 12. Ó ń ka Yorùbá geere, ó sì ń fi fóònù rẹ̀ wo owó tí àwọn oníbàárà bá fi ránṣẹ́. Lọ́dún tó kọjá, fóònù náà kò jẹ́ kí ó gbádùn. Bó bá ti ṣí i, ìkìlọ̀ kòkòrò ni, tàbí ẹ̀bùn tó jẹ. Nígbà tí mo dé "Notifications", ìkànnì mọ́kànlá ni mo bá tí a ti yọ̀ǹda fún. Mo bi í pé, "Àǹtí, ta ni ó gba àwọn wọ̀nyí láyè?" Ó ní, "Ọmọ mi, bọ́tìnì tí wọ́n ní kí n tẹ̀ ni mo tẹ̀. Mo rò pé bí n kò bá tẹ̀ ẹ́, n kò ní rí ohun tí mo ń wá ni." Mo yọ mọ́kọ̀ọ̀kànlá, ọjọ́ náà ni ìyọnu náà dáwọ́ dúró.

Kì í ṣe pé kò gbọ́n. Bí alágbàtà bá pe apẹ̀rẹ̀ ata ní iye tí kì í ṣe, kí ó tó pa ẹnu dé ni Àǹtí mi yóò ti mọ̀, nítorí èdè tó gbọ́ ni wọ́n fi ń ná ọjà náà. Lórí fóònù, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bráwúsà sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó gbà. Ǹjẹ́ ó gbà lóòótọ́? Ìyọ̀ǹda tí a kò gbọ́ èdè rẹ̀, ṣé ìyọ̀ǹda ni? Òfin tí ń dáàbò bo dátà ara ẹni ní Nàìjíríà, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 2023, sọ pé èdè tó yéni, tó sì rọrùn, ni kí a fi bèèrè ìyọ̀ǹda. Ní ọjà Mile 12, èdè wo ló yé ọ̀pọ̀ àwọn ìyá tí ń tajà níbẹ̀ ju Yorùbá lọ?

Níhìn-ín ni iṣẹ́ ti kan àwa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú ìwé èdè-ìperí Yorùbá ní 1984, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe ti apá kejì ní 1990. Àwọn àgbà wọ̀nyí fún wa ní ọ̀rọ̀ tí a fi ń kọ́ gírámà àti lítíréṣọ̀. Kò yẹ kí ó dúró níbẹ̀. Èmi náà mú àbá díẹ̀ wá, kí àwọn olùkọ́ wa yẹ̀ ẹ́ wò. Kí a pe ojú ewé tí ń bẹ́ jáde láìpè ní "ayọjúràn". Kí "àtúnjúwe" dúró fún ìgbénilọ tó tọ́, kí "ìṣinilọ́nà" sì jẹ́ ti oníjìbìtì. Kí a túmọ̀ "Allow" sí "gbà á láyè", kí "Block" jẹ́ "má gbà á láyè". Ọmọ ọdún mẹ́wàá mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín gbólóhùn méjèèjì yìí.

ÌKÁDÌÍ

Mo ti sàlàyé pé àtúnjúwe kò burú láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, pé ètò bráwúsà lè dènà èyí tí a kò fọwọ́ kàn, àti pé kò lè dènà èyí tí a ti gbà láyè láìmọ̀. Fún ti àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó tí ń yọni lẹ́nu, nọ́ńbà 2442 tí àjọ NCC gbé kalẹ̀ ní 2016 wà níbẹ̀. Kí a fi ọ̀rọ̀ náà STOP ránṣẹ́ sí i.

Ohun tí mo ń bẹ ẹgbẹ́ wa ni pé kí a kọ ìgbésẹ̀ márùn-ún òkè yìí sórí ìwé pélébé kan ní Yorùbá tó já gaara, pẹ̀lú àmì ohùn, kí a sì mú un lọ sí Kétu, Ìkòsí àti Mile 12 ní ọjọ́ Sátidé kan. Kí a jókòó ti àwọn ìyá wa ní ìsọ̀ wọn, kí a bá wọn ṣí "Site settings", kí àwọn fúnra wọn sì fi ìka wọn yọ àlejò tí wọn kò pè. Ìdánwò tiwa nìyẹn, kò sì ní máàkì.